Ọmọ ajá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e: bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi rìn

Abo ajá wa bí ọmọ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n pé ọjọ́ 18, mo jókòó ti àpótí wọn ní àárọ̀, mò ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ìrìn. Márùn-ún nínú wọn ti ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Wọ́n á ṣubú, wọ́n á tún dìde. Ìkẹfà, òun ló sanra jù, kò dìde rárá. Ó fi àyà lélẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì yà sí ọ̀tún àti òsì bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ó sì ń fi wọ́n gbá ilẹ̀ bí ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ikùn rẹ̀ ti pọ́n nítorí pé orí ìtọ̀ ara rẹ̀ ló ń wọ́ lé.

Bàbá kan ládùúgbò, tí wọ́n ti ń sin ajá kí wọ́n tó bí mi, yà kí wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, arọ lèyí. Má wulẹ̀ dara ẹ láàmú, lọ gbé e sọnù." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ n kò gbé e sọnù. A sọ ọ́ ní Tanimọ̀la. Kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó ti ń sáré tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sẹ́nu géètì.

Àwọn dókítà ẹranko máa ń pe irú ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ ní swimmer, nítorí bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ wẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń pa, tàbí tí wọ́n ń jù sẹ́yìn ògiri, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ló lè rìn bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Owó tó ń ná wa kò pọ̀. Ohun tó gbà ni ilẹ̀ tí kì í yọ̀, ọwọ́ yín méjèèjì, àti ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Èyí tí mo ṣe, àti èyí tí dókítà fi hàn mí, ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí.

Ṣé ó ti tó kó rìn?

Ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó bẹ̀rù. Ọmọ ajá kì í bọ́ sílẹ̀ kó máa rìn bí ọmọ ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí gbé e láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ojú rẹ̀ máa ń là láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló máa ń kẹ́yìn, ní nǹkan bí ọjọ́ 14 sí 16, nígbà tó bá sì fi pé ọjọ́ 21, ó yẹ kó ti máa rìn kiri, bó tilẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Nítorí náà, ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá tó ń fi àyà wọ́ kò ní àìsàn kankan.

Èyí tó yẹ kó kọ yín lóminú ni ọmọ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò lè kó wọn sábẹ́ ara, pàápàá bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dìde. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i gan-an ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Eegun ọmọ ajá ṣì rọ̀ nígbà yẹn, bí a bá ṣe gbé e kalẹ̀ ló ṣe máa le. Bó bá ń fi àyà sùn, tó ń fi àyà wọ́ tọ̀sán tòru, eegun ìhà rẹ̀ á máa tẹ́ lọ, àyà á pẹlẹbẹ bí ẹ̀yìn ìwé, kò ní sí ààyè tó fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń mí gúlegúle, wàrà sì lè gba ọ̀nà èémí lọ. Àwọn tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí ọmọ tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń rọrùn fún jù.

Ohun tó ń fà á ju ẹyọ kan lọ. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú tàbí aláyà fífẹ̀, bíi Bulldog, Basset Hound àti Dachshund, àmọ́ irú ajá kankan kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá sanra ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ wà nínú ewu, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ kan ṣoṣo tó ń dá gbogbo ọmú mu. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ wá ń mú gbogbo rẹ̀ burú sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí ẹ tó ṣe ohunkóhun

Kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ tí kò dúró ni ẹ lè fi ọwọ́ yín tọ́ sílé. Tanimọ̀la ń mu ọmú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná bó ṣe yẹ, ó ń sanra lójoojúmọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni ìṣòro rẹ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ rọra fi èékánná fún àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tó sì pariwo, iṣan ń gbọ́ràn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n lára rárá, ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ti ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ẹ gbé ọmọ lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni kò bá ṣiṣẹ́, torí ìyá lè ti tẹ̀ ẹ́ kó sì kán. Bí oríkèé bá wú tó sì gbóná, tàbí tí ìdodo rẹ̀ ń ṣọyún. Bí erìgì rẹ̀ bá funfun, torí eégbọn àti aràn lè fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré gbẹ. Tàbí bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá le gbagidi bí igi tí kò ṣeé ká. Kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Neospora máa ń mú ẹsẹ̀ le bẹ́ẹ̀. Ìyá ló ń kó o ran ọmọ nínú oyún, òun fúnra rẹ̀ sì lè kó o nínú ẹran tútù. Oògùn ló ń bá a jà, bó bá sì pẹ́, ẹsẹ̀ náà kì í padà sípò mọ́. Ẹ má ṣe fún ajá olóyún ní ẹran tútù.

Ọmọ tó tutù, tó rọ jọwọrọ, tí kò mu ọmú, ooru ló kọ́kọ́ ń fẹ́. Ẹ má ṣe da wàrà sí ọmọ tó tutù lẹ́nu, inú rẹ̀ kò ní lè lò ó. Ẹ gbé e mọ́ àyà yín lábẹ́ aṣọ, kó móoru díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ní Ìbàdàn, Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko. FUNAAB, ìyẹn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní tirẹ̀ l'Ábẹ́òkúta.

Ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe

Bí mo bá ní kí n sọ ohun kan ṣoṣo fún yín, ilẹ̀ ni. Ilé wa, táìlì ni, ìwé ìròyìn ni mo sì tẹ́ sínú àpótí wọn nítorí pé ó rọrùn láti kó sọnù. Ìwé ìròyìn ń yọ̀ lórí táìlì, ìtọ̀ sì ń mú un yọ̀ sí i. Gbogbo ìgbà tí ọmọ yẹn bá gbìyànjú àtidìde ni ẹsẹ̀ ń sá fún un, títí ó fi ṣíwọ́ gbígbìyànjú. Àṣìṣe mi ni, ó sì dùn mí gan-an.

Àpò kòkó ni mo fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gé gbogbo fọ́nrán tó lè kọ́ wọn ní èékánná, ẹ wá fà á le, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ àpótí kó má baà ká. Kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tàbí aṣọ ìnura tó nípọn dára bákan náà. Ẹ wá ká aṣọ sí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ tò wọ́n sábẹ́ àpò náà, kí ilẹ̀ ọ̀hún ní ebè àti poro bíi ti oko. Bí ọmọ bá ń wọ́ lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á rí ebè tì. Ẹsẹ̀ tó bá ti rí nǹkan tì, á padà sábẹ́ ara. Ní ọjọ́ kejì tí mo ṣe é, mo rí i tí Tanimọ̀la ki ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì mọ́ ebè kan, tó tì í, tí ìdí rẹ̀ gbéra bí ìbú ìka méjì, tó tún ṣubú. Mo pariwo débi pé ìyá wọn gbó mi.

Bó bá fẹ́ sùn, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ, ẹ fi aṣọ kíká tì í níwájú àti lẹ́yìn. Á tún yí padà sórí àyà, ẹ tún un ṣe. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ sí kíṣíìnì ni mò ń yí i, mo sì máa ń yí i láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ìkankan má baà dá gbà á.

Àpótí náà gbọ́dọ̀ móoru: nǹkan bí 29 sí 32°C ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 26 sí 29°C ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta, lẹ́yìn náà kó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lákòókò ọyẹ́, tí iná bá lọ lóru, mo máa ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo á fi aṣọ ìnura wé e, mo á fi sí igun kan ṣoṣo, kí ẹni tí ooru bá pọ̀ jù fún lè sún kúrò.

Dídè ẹsẹ̀

Ìdè náà ló ń mú kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn má lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà de àkọ́kọ́, kí ẹ wò bó ṣe ń ṣe é. Pílásítà tó ń fà, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìka kan lọ, ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ẹsẹ̀ méjèèjì lókè oríkèé tó yọ sẹ́yìn bíi gìgísẹ̀, wọ́n á wá fi pílásítà náà yí ẹsẹ̀ kan, wọ́n á gbé e kọjá láàárín, wọ́n á fi yí èkejì bí òǹkà 8. Àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú fífẹ̀ ìbàdí rẹ̀, bí ẹsẹ̀ ajá tó dúró gedegbe ṣe máa ń jìnnà síra. Bó bá há ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè rìn. Bó bá gbòòrò jù, ẹsẹ̀ á tún yà.

Ẹ má lo rọ́bà, ẹ má lo òwú ìránṣọ. Rọ́bà máa ń wọnú ẹran ara kí ẹ tó mọ̀, ó sì lè gé ẹsẹ̀ náà kúrò pátápátá.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí. Ẹ fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀: bó bá tutù, bó bá wú, bó bá dúdú tàbí tó ní àwọ̀ bíi ti aró, ẹ gé ìdè náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de dókítà. Ọmọ ajá ń dàgbà lójoojúmọ́, ìdè kì í sì í dàgbà, nítorí náà ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ máa ṣọ́ ìyá pẹ̀lú, torí ó lè fẹ́ fi eyín tú u. Tiwa tú méjì kó tó gbà fún mi.

Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú náà ń yà, dókítà ni kó pinnu bí wọn yóò ṣe dè é, torí àyà wà nítòsí, kò sì gbọdọ̀ há.

Nínà, fífọwọ́ra àti ìdúró

Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí ìyá àgbà ṣe ń wẹ ọmọ tuntun, tí wọ́n ń na apá, tí wọ́n ń ká ẹsẹ̀, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ẹ kàn fi ọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe é ju tiwọn lọ. Kò sí fífà, kò sí jíjù sókè.

Ẹẹ́mẹ́rin sí ẹẹ́mẹ́fà lójúmọ́, ìṣẹ́jú 5 sí 10 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró kí wàrà tó mu lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì para wọn kó móoru, ẹ tẹ́ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sórí itan yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ẹ fi àtàǹpàkò rọra máa fún iṣan itan bọ̀ wálẹ̀ dé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ di ẹsẹ̀ kan mú, ẹ ká a sókè síkùn, ẹ nà án sẹ́yìn, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́, nígbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tó ṣe èkejì. Ibi tó bá ti le, ẹ má tì í kọjá. Ọmọ tó bá ké ti sọ fún yín pé ó tó.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ni dókítà ní kí n lò fún àtẹ́lẹsẹ̀. N kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ẹ fi fá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ sí ìka, bí ẹni ń rín in ní ìgígẹ̀. Á fa ẹsẹ̀ mọ́ra, á tún tì í padà, ìtì yẹn gan-an ló ń lò bó bá fẹ́ rìn. Ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta, Tanimọ̀la máa ń tì mí dànù.

Ìdúró ló kàn. Ẹ ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ ikùn rẹ̀, ẹ fi èkejì tò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ara rẹ̀ lórí àpò kòkó. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ẹ rọra dín agbára ọwọ́ tó gbé ikùn kù, títí ẹ ó fi rí i pé ìwúwo ti ń bọ́ sí ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Bó bá ti lè dúró díẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ọmú ìyá rẹ̀, dípò kí ẹ gbé e lé ọmú lórí. Kò sí ohun tó ń kọ́ ọmọ ajá ní ìrìn tó ọmú tó wà nítòsí tí ẹnu kò tíì tó.

Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó sì lágbára, ẹ lè fi omi kún un. Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bí 37°C, sínú abọ́ ńlá, kó mù ún dé èjìká. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni fẹ́ wẹ ọmọ. Ọwọ́ yín kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ àyà rẹ̀, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè. Nínú omi, ìwúwo rẹ̀ fúyẹ́, á fi ẹsẹ̀ gbá omi fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ti tó. Ẹ nù ún gbẹ kíákíá, ẹ dá a padà síbi tó móoru.

Oúnjẹ, òṣùwọ̀n àti àwọ̀ ara

Ẹ ra òṣùwọ̀n kíṣíìnì. Ọmọ ajá tó ń dàgbà dáadáa máa ń fi nǹkan bí ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ wúwo sí i lójoojúmọ́. Bí ti ẹlẹ́sẹ̀ rírọ̀ bá ń sáré ju ti àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí àwọn tó tín-ín-rín kọ́kọ́ mu, kó tó kàn án. N kò ní kí ẹ fi ebi pa á. Bí kò bá wúwo sí i rárá fún ọjọ́ kan, ìyẹn gan-an léwu jù.

Bó bá ń gba ìgò, àyà ni kó dojú bolẹ̀, orí sókè díẹ̀, bó ṣe máa ń wà lábẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sẹ́yìn bí ọmọ èèyàn, wàrà á gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Wàrà ọmọ ajá wà nílé ìtajà oògùn ẹranko. Mílíìkì inú agolo máa ń mú kí wọ́n ṣu ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ má sì fún un ní kálísíọ̀mù nítorí pé ẹnì kan ní ó ń mú eegun le, àyàfi bí dókítà bá kọ ọ́: àpọ̀jù rẹ̀ ń ba eegun ọmọ ajá jẹ́, pàápàá àwọn tó máa tóbi. Oògùn aràn ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì, gẹ́gẹ́ bí ìwúwo rẹ̀ bá ṣe rí.

Ikùn tó ń wọ́ nílẹ̀ máa ń bó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì pààrọ̀ aṣọ tó bá ti tutù.

Bó ṣe máa ń yí padà

Mo kọ ti Tanimọ̀la sílẹ̀. Ọjọ́ 18 la bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 22, ó gbé ìdí sókè. Ọjọ́ 25, ó dúró fúnra rẹ̀ títí mo fi ka ení dé ẹ̀rin. Ọjọ́ 26 àti 27, kò ṣe nǹkan kan, mo sunkún. Ọjọ́ 30, ó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọjọ́ 34 la tú ìdè kúrò lọ́sàn-án, a ń dè é lálẹ́ nìkan; ọjọ́ 38 la jù ú nù. Àwọn mìíràn ń rìn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn mìíràn ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí ẹ kò rí ìyípadà kankan, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n ya àwòrán ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ń mí kíákíá lójú oorun, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ ń ṣe bí aró, ẹ má jẹ́ kó di ọjọ́ kejì.

N kò ní jẹ́ kí Tanimọ̀la gun abo kankan, torí irú àìsàn yìí lè wà nínú ẹbí. Ìyá rẹ̀ ti tún lóyún ní tirẹ̀ kí n tó mọ̀. Àpò kòkó mẹ́rin ló wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé báyìí, mo ti fọ̀ wọ́n, mo ti gé fọ́nrán wọn. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.